Kọ̀ǹpútà tí ó ń Gan Lẹ́yìn Títàn: Mímọ Àìsàn Kí A Tó Wò Ó

Ìfáàrà

Iṣẹ́ yìí dá lórí àìsàn kan tí ó wọ́pọ̀ lára kọ̀ǹpútà orí tábìlì. A ó tàn án, àwòrán á jáde lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí a tó ṣí ìwé kan ṣoṣo, ohun gbogbo á dúró gbagidi. Ohun tí ó sábà máa ń tẹ̀lé e ni pé a ó pe oníṣẹ́, oníṣẹ́ á ní àfi kí òun fọ́màtì rẹ̀, gbogbo ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ á sì pòórá.

Ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá, àdánù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe pàdánù ẹkún ìyàwó àti rárà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ọdún mẹ́ta gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Nígbà tí oníṣẹ́ fọ́màtì ẹ̀rọ náà tán, ó tún gan ní ọjọ́ kejì. Fáànù rẹ̀ ni kò yí. Méjì nínú àwọn ìyá tí wọ́n sun ẹkún ìyàwó náà sì ti fi ilẹ̀ bora kí a tó ronú àtipadà lọ bá wọn.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé bí a bá lè sọ bí ẹ̀rọ ṣe gan àti ìgbà tí ó gan, a ó ti mọ ibi tí àìsàn wà, a kò sì ní fi ohun tí kò ṣeé rà padà tàfàlà.

Orúkọ tí a pe àìsàn

Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ pé, 'Kọ̀ǹpútà mi kò ṣiṣẹ́.' Gbólóhùn yìí kò ran oníṣẹ́ lọ́wọ́ rárá. Bẹ́ẹ̀, Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tó láti fi ya àìsàn kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Ẹ̀rọ tí ó kú ni èyí tí iná ara rẹ̀ lọ lójijì. Èyí tí ó ń wọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀. Èyí tí ó gan ni èyí tí iná rẹ̀ ṣì wà, tí àwòrán ṣì wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ àṣẹ mọ́.

Ọ̀nà tí ó rọrùn láti fi mọ ìyàtọ̀ ni kí a tẹ Caps Lock lórí kííbọọ̀dù tí ó ní iná kékeré. Bí iná náà bá ń tàn tí ó sì ń kú bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ṣì ń gbọ́. Wíwọ́ ni ó ń wọ́, kí a ṣe sùúrù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí iná náà kò bá yí padà, ó gan nìyẹn. Ó dára kí akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ kọ ohun tí ó rí sílẹ̀: aago tí ó tan ẹ̀rọ, aago tí ó gan, àti ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un tàbí yọ kúrò nínú rẹ̀.

Ìgbà tí ó gan

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Gbogbo kọ̀ǹpútà ni ó ní ojú-ìwé ìtòlẹ́sẹẹsẹ kan tí à ń pè ní BIOS, èyí tí a lè ṣí kí Windows tó dé rárá. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ, a ó máa tẹ Del tàbí F2. Lára àwọn ẹ̀rọ mìíràn, F10 tàbí F1 ni. Kí a ṣí i, kí a sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀ níbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Bí ó bá gan níbẹ̀, ọwọ́ Windows mọ́, ọwọ́ fáírọ́ọ̀sì náà mọ́, nítorí kò sí èyí tí ó tíì wọlé nínú wọn. Ara ẹ̀rọ gan-an ni àìsàn wà, fífọ́màtì kò sì lè wò ó sàn. Bí kò bá gan, a kò lè búra pé ara rẹ̀ dá ṣáká, ṣùgbọ́n ìfura wa á kọ́kọ́ lọ sí Windows àti hard disk.

Ọ̀pọ̀ BIOS máa ń fi bí ọpọlọ ẹ̀rọ ṣe gbóná tó hàn. (Ọpọlọ yìí ni CPU, kì í ṣe odindi àpótí tí a máa ń pè bẹ́ẹ̀.) Bí ó bá ti kọjá 80°C nígbà tí ẹ̀rọ kò ṣe iṣẹ́ kankan, tí ó sì tún ń gòkè, fáànù ni kí a wò. Ooru lè mú ẹ̀rọ wọ́, ó lè mú un gan. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀ kí ó má baà jóná. Eruku ọyẹ́ nìkan tó láti dí ojú irin tí ó wà lábẹ́ fáànù pátápátá. Kí a pa ẹ̀rọ, kí a yọ wáyà iná rẹ̀, kí a fi ọwọ́ kan irin ara àpótí kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀, kí a wá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku náà. Ìpara tí ó wà láàárín irin yìí àti ọpọlọ ẹ̀rọ máa ń gbẹ bí ọdún ti ń gorí ọdún. A lè nu ti àtijọ́ kúrò, kí a fi tuntun díẹ̀ sí i. Àpótí kékeré tí wáyà iná wọ̀ lẹ́yìn ni a kò gbọdọ̀ tú, nítorí iná lè wà nípamọ́ nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà.

Bí kò bá sí ooru, kí a yọ RAM, kí a fi aṣọ gbígbẹ nu etí rẹ̀ tí ó ń dán bíi wúrà, kí a tẹ̀ ẹ́ padà títí yóò fi dún. Bí ó bá jẹ́ méjì, kí a dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀. Àwọn tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe láàárín nǹkan bí ọdún 1999 sí 2007 tún ní àìsàn tiwọn: àwọn kapásítọ̀ tí wọ́n dúró bí ìlù kéékèèké lórí pátákó inú wọn máa ń wú. Awọ ìlù náà yẹ kí ó tẹ́jú. Bí ó bá ti yọ gẹ̀gẹ̀, ó di ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jó lẹ́bọ̀.

Ní ti Windows, Safe Mode ni a fi ń dán an wò. F8 ni a ń tẹ̀ nínú Windows XP àti Windows 7. Nínú Windows 10 àti 11, a ó di Shift mú bí a ti ń tẹ Restart. Bí ẹ̀rọ kò bá gan nínú Safe Mode, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ètò kan tí ó ń dìde pẹ̀lú Windows ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀. Mo ti rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ètò agbógunti-fáírọ́ọ̀sì méjì sí, bí ọdẹ méjì tí wọ́n ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n sì ń fura sí ara wọn. A yọ ọ̀kan; àlàáfíà dé.

Kíkó ẹrù jáde

Bí hard disk bá ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀, kí a má ṣe tíì ní kí Windows tún un ṣe, nítorí àtúnṣe náà lè dá kún ìbàjẹ́ rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ kó ẹrù jáde. A lè yọ disk náà, kí a so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, tàbí kí a fi Ubuntu tí ó wà lórí fláàṣì tan ẹ̀rọ náà, kí a sì da ohun tí a fẹ́ kọ. Ọ̀nà méjèèjì kò ní kí Windows tó dìde.

Ohun kan wà tí àwọn oníṣẹ́ kì í rántí, tí ó sì kan àwa olùkọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Púpọ̀ nínú ìwé wa àtijọ́ ni a fi fọ́ǹtì àkànṣe tẹ̀ nítorí àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà, kí Unicode tó gbilẹ̀ láàárín wa. Bí a bá kó ìwé náà láìkó fọ́ǹtì rẹ̀, jágbajàgba ni a ó rí níbi tí ẹ, ọ àti ṣ yẹ kí ó wà. Inú C:\Windows\Fonts ni fọ́ǹtì wà; kí a kó o pẹ̀lú ìwé.