Ẹ̀yin ayafọ́tò, ibo ló yẹ kí owó kọ̀ǹpútà yín lọ?

Ẹni tó bá wọ Computer Village n'Ìkẹjà, tó ní kọ̀ǹpútà tóun máa fi tún fọ́tò ṣe lòun ń wá, "Core i7" ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà máa kọ́kọ́ fi pè é. Orúkọ yẹn nìkan kò tó o. i7 wà lọ́dún 2012, i7 wà lọ́dún 2020, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ni kẹ́ ẹ wò: i7-3520M jẹ́ ìran kẹta, i7-8550U jẹ́ ìran kẹjọ. Kí ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ fi èyí sọ́kàn, torí Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró lóṣù kẹwàá ọdún 2025, wọn ò sì fọwọ́ sí ọ̀pọ̀ Intel tí kò tó ìran kẹjọ fún Windows 11.

RAM ló kàn. Adobe tó ṣe Photoshop ní 8GB ló kéré jù, 16GB ni wọ́n dámọ̀ràn. Ẹni tó ń ṣí fọ́tò ìgbéyàwó mẹ́wàá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó má ronú 8GB rárá. Ẹ béèrè bóyá ó ṣeé fi kún, torí àwọn laptop pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ti jó RAM wọn mọ́ bọ́ọ̀dù. Bẹ́ ẹ ṣe rà á náà lẹ máa lò ó. Kí Windows àti Photoshop wà lórí SSD.

Àmọ́ lójú tèmi, ojú kọ̀ǹpútà ni owó ti ń sọnù jù. Ayafọ́tò kan tí mo mọ̀ tún álíbọ́ọ̀mù ìgbéyàwó ṣe tán, ló bá di pé gèlè aláwọ̀ wáìnì tí ìyá ìyàwó wé jáde ní búráùn lórí bébà. Ìyá náà ní, "Ọ̀gá fọ́tò, èyí kì í ṣe gèlè mi o." Owó ara rẹ̀ ló fi tún gbogbo ẹ̀ tẹ̀. Àwọn tó bá a tẹ̀ ẹ́ ò jẹ̀bi. Ojú laptop rẹ̀ ló ń purọ́ fún un.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ mú fọ́tò kan tẹ́ ẹ ti tẹ̀ rí, tí àwọ̀ rẹ̀ dáa, dání, kí fáìlì rẹ̀ sì wà nínú flash yín. Ẹ ṣí i níbẹ̀, kẹ́ ẹ gbé bébà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wò ó láti ọ̀tún, ẹ wò ó láti òsì. Bí àwọ̀ bá ń yí padà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Èyí tí wọ́n ń pè ní IPS kì í sábàá ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá kọ sRGB sí i, kó sún mọ́ 100%. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù pẹ̀lú, torí ojú tó mọ́lẹ̀ jù máa ń jẹ́ kéèyàn ṣe fọ́tò dúdú jù láìmọ̀.

Ẹni tó bá ra desktop, kó yọ owó UPS sílẹ̀; iná kì í dágbére kó tó lọ. Ẹ yọ owó dísìkì kejì náà, èyí tó máa wà nílé, kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má sì pa fọ́tò oníbàárà rẹ́ nínú káàdì kámẹ́rà títí á fi wà níbi méjèèjì.