Ẹ̀kọ́ Òní: Kí Igi Irú Má Baà Tán Lóko Wa



Irú tí à ń fi se ọbẹ̀ náà ni wọ́n ń pè ní sumbala ní Burkina Faso, òun náà ni dawadawa àwọn Hausa. Bí ẹ bá dé Rood Woko, ọjà ńlá àárín ìlú Ouagadougou, òórùn rẹ̀ á ti kí yín kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń fi owó rẹ̀ gbọ́ bùkátà ilé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo igi irú tó wà lóko yín: ta ló gbìn ín? Nínú ọ̀pọ̀ oko, ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí wa. Arúgbó igi ló kù, ọmọ igi ṣọ̀wọ́n.

Ìdí tó fi ń dínkù

Tẹ́lẹ̀, a máa ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi fún ọdún púpọ̀, àsìkò yẹn ni ọmọ igi irú máa ń ráyè dàgbà. Ní báyìí, oko kì í sinmi mọ́. Ọkọ́ ń gé e, iná igbó ń jó o, màlúù àti ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́. Àwọn tó ń bó èèpo rẹ̀ fún oògùn eyín ríro náà ń ba igi jẹ́: igi tí wọ́n bá bó yípo yóò kú ni.

Ohun tí ẹ lè ṣe

1. Ẹ dá èyí tó hù fúnra rẹ̀ sí. Ẹ gún ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹni tó ń roko má gé e.

2. Bí ẹ bá fẹ́ gbìn, hóró tí wọn kò tíì sè ni kí ẹ mú. Èèpo rẹ̀ le, omi kì í tètè wọ̀ ọ́. Ẹ se omi kó hó, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ da hóró sí i, kó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá wú ti ṣetán. Èyí tí kò wú, ẹ fi ọ̀bẹ ha èèpo rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tún rẹ ẹ́.

3. Ẹ gbìn ín sínú ọ̀rá tó nihò nísàlẹ̀, ní oṣù 3 sí 4 kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní agbègbè Ouagadougou, nǹkan bí oṣù kẹfà ni òjò máa ń dé. Ìlú yìí kan náà ni CNSF wà, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú irúgbìn igi.

4. Nígbà tí ẹ bá gbé e lọ sóko, ẹ fi mítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sáàárín igi méjì. Ẹ fi ẹ̀gún ṣọgbà yí i ká títí yóò fi ga ju ẹnu ẹran lọ.

Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, ẹ bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbin igi kankan. Níbi púpọ̀, ẹni tó gbin igi dà bí ẹni tó ń sọ pé òun ló nilẹ̀. Ẹ fi ẹnu kò pẹ̀lú lórí ẹni tí yóò máa ká èso rẹ̀.

Lórí títà

Hóró lásán kì í pa owó tó irú tí a ti ṣe. Ẹ sè é títí yóò fi rọ̀, ẹ gún un kí èèpo bọ́, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ tún un sè fún wákàtí 1 sí 2. Ẹ sẹ́ omi rẹ̀, ẹ bò ó mọ́lẹ̀ nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, fún ọjọ́ 2 sí 3. Àwọn kan ń fi sóyà ṣe é. Kò burú, bí ẹ bá ti sọ ọ́ fún oníbàárà.

Lórí ìlera

Irú ń ṣe ara lóore. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ pa oògùn ilé ìwòsàn tì. Kó sì ṣọ́ra fún irú tí wọ́n fi iyọ̀ púpọ̀ sí.

Igi irú lè lo ọdún 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó so. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, ì báà jẹ́ ọmọ igi kan péré lóko kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ẹ̀kọ́ yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣe irú ládùúgbò yín.