Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ọmọ Wa: Ẹ̀rọ Olóòfà

Ní 2021, wọ́n ba wáyà iná ńlá tó wọ Maiduguri jẹ́, òkùnkùn sì bò wá fún ọ̀pọ̀ oṣù. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ olóòfà tí kì í mu epo máa ń dùn létí. Ẹ jẹ́ kí a dán an wò.

Ẹ yí wáyà kọ́pà tó ní ọ̀dà lára po nígbà mẹ́wàá mọ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì ńlá, kí ẹ yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ yọ lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ ha ọ̀dà ẹnu kan tán. Ti èkejì, ẹ̀gbẹ́ kan péré. Ẹ fi rọ́bà de píìnì híjáàbù méjì mọ́ orí àti ìdí bátìrì, kí ẹ ki ẹnu wáyà bọ ihò wọn. Ẹ gbé òòfà kékeré sórí bátìrì, lábẹ́ wáyà. Ẹ fọwọ́ ta wáyà díẹ̀: yóò máa yí. Bí kò bá yí, ẹ tètè yọ ọ́, yóò gbóná. Ẹ má fi kan iná ilé láé.

Iná bátìrì ló sọ wáyà di òòfà. Òòfà kejì ń tì í. Michael Faraday ti fi irú èyí hàn ní London ní 1821.

Ẹ wá fi bébà sí àárín píìnì àti bátìrì: yóò dúró, bẹ́ẹ̀ òòfà kò kúrò níbẹ̀. Bátìrì ló ń sanwó. Àwa oníṣòwò mọ̀ pé a kì í ta ọjà tí a kò rà. Ẹni tó ń ta jẹnẹrétọ̀ olóòfà, òṣùwọ̀n èké ló gbé wá, Ọlọ́hun sì kìlọ̀ fún irú wọn nínú Súrátù Mutọfifíìnà. Ẹ fi owó yẹn kún ti sólà.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó wúlò. Àmín.