Ẹ̀pà Yíyan: Ẹ̀bùn Ọdún Tí Kò Ní Pa Ara Lára

Ẹ̀yin ará wa ní Atlanta, ọdún ń bọ̀. Chin-chin àti kéèkì la sábà máa ń fi ta ara wa lọ́rẹ. Àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ ńkọ́? Iyọ̀ àti ṣúgà ni dókítà ní kí wọ́n dín kù.

Ẹ jẹ́ ká fún wọn lẹ́pà. Georgia wa yìí ló ń gbin ẹ̀pà jù ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Ẹ ra ẹ̀pà tútù tí wọ́n ti pa, pọ́n-ùn 1. Ẹ ṣa èyí tó bu dànù. Ẹ tẹ́ ìyókù sínú páànù, kẹ́ ẹ gbé e sínú ófùn ní 350°F fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 25. Ẹ máa yí i padà kó má baà jóná. Ẹ má fi iyọ̀ sí i o! Tó bá tutù tán, ẹ dà á sínú ìgò tó mọ́, kẹ́ ẹ dé e pa.

Òróró pọ̀ nínú ẹ̀pà, nítorí náà ẹ̀kúnwọ́ kan lóòjọ́ ti tó.

Ẹ kọ “Ẹ̀PÀ” gàdàgbà sára ìgò náà, kẹ́ ẹ sì bèèrè kẹ́ ẹ tó fúnni. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gba ẹ̀pà, ó lè pa á.

Ọdún á yabo.