Àròkọ Aláàlàyé: Bí A Ṣe Ń Mọ Ọjọ́ Orí Àwòrán Ara Àpáta

Bí ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ bá pàdé irú àkòrí yìí nínú ìdánwò, má ṣe fi "láyé àtijọ́" àti "nígbà ìwáṣẹ̀" kún ìwé rẹ. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ ni olùyẹ̀wòwé fẹ́ kà. Báyìí ni kí o ṣe tò ó.

Kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n fi pò ọ̀dà náà. Onímọ̀ kẹ́místírì yóò ha ìwọ̀nba kínún lára àwòrán, yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá pupa, irin tí ó ti dógùn-ún nínú òkúta tàbí ilẹ̀ ni ó sábà máa ń jẹ́, irú ilẹ̀ pupa tí ń kun bàtà wa ní Orè àti Odìgbó. Irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ kì í sọ ọjọ́ orí, àfi bí wọ́n bá fi oje igi tàbí ọ̀rá ẹran pò ó.

Ọ̀dà dúdú ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ó bá jẹ́ èédú, ara igi ni ó ti wá. Igi tí ó wà láàyè ń gba kábọ́ọ̀nù 14 láti inú afẹ́fẹ́. Bí igi bá ti kú, kò gbà á mọ́, èyí tí ó wà nínú rẹ̀ yóò sì máa dínkù: lẹ́yìn nǹkan bí 5,730 ọdún, ìdajì ni yóò kù. Willard Libby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Chicago ni wọ́n fi ọ̀nà yìí hàn ní 1949.

Fara balẹ̀ níbí, ibẹ̀ ni máàkì wà. Ọjọ́ tí igi kú ni èédú ń sọ, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán. Ẹni tí ó bá ṣa èédú àtijọ́ lónìí, tí ó fi ya ẹfọ̀n sára àpáta, àyẹ̀wò yóò ní iṣẹ́ àwọn baba ńlá wa ni!

Mú àpẹẹrẹ láti ìtòsí, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ti ọ̀dà. Ní Ihò Eléérú, lẹ́bàá Ìṣarun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, Thurstan Shaw àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ hú egungun ènìyàn kan jáde ní 1965. Èédú tí ó wà nítòsí egungun náà ni wọ́n yẹ̀ wò. Ó tó nǹkan bí 11,200 ọdún. Ṣùgbọ́n èédú kọ́ ni egungun. Ní 2011, àwọn onímọ̀ gbé èsì àyẹ̀wò egungun náà gan-an jáde, èyí tí wọ́n fi uranium ṣe: láàrin 11,700 àti 16,300 ọdún.

Ìdánrawò: Wọ́n fi èédú ya màlúù lé orí àwòrán pupa kan. Kí ni ọjọ́ orí èédú náà lè sọ nípa èyí tí ó pupa, kí ni kò sì lè sọ?