Ìdàgẹ̀rẹ̀ àti Ìyára Ìsọ̀kalẹ̀: Ẹ̀kọ́ Kan Nínú Èdè Iṣẹ́ Ọkọ̀ Òfurufú

Ọ̀rọ̀ méjì ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Ìdàgẹ̀rẹ̀ ni bí ọ̀nà ṣe tẹ̀ sísàlẹ̀ tó. Díígírì ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Ìyára ìsọ̀kalẹ̀ ni iye ẹsẹ̀ bàtà tí nǹkan fi ń wálẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Bí arúgbó tí ó ń tẹ ọ̀pá àti ọmọdé tí ó ń sáré bá jọ ń sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Màpó ní Ìbàdàn, ìdàgẹ̀rẹ̀ kan náà ni wọ́n tọ̀, ṣùgbọ́n ìyára wọn kò dọ́gba. Olùkọ́ èdè Haúsá tàbí Ìgbò yóò rí òkè tirẹ̀ lò.

Nínú iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, ọ̀ràn ikú òun ìyè ni ìyàtọ̀ yìí. Irú ìbàlẹ̀ kan wà tí ẹ̀rọ orí ilẹ̀ ń fi ọ̀nà han awakọ̀, tí ó sì ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó, ṣùgbọ́n tí kò sọ bóyá ọkọ̀ ga jù tàbí ó ti relẹ̀ jù. Awakọ̀ ni yóò máa fi gíga wé jíjìnnà. Bí ó bá gbé ìsọ̀kalẹ̀ lé ẹ̀rọ awakọ̀ aládàáṣiṣẹ́ lọ́wọ́, yóò kọ́kọ́ yan ìlànà: ìdàgẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ̀rọ dì mú ni, àbí ìyára ìsọ̀kalẹ̀? (Orúkọ náà, aládàáṣiṣẹ́, lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ẹ̀rọ náà kì í dá ìpinnu ṣe. Iye tí a bá fún un ni ó ń tẹ̀lé.)

Ní ogúnjọ́ oṣù kìn-ín-ní ọdún 1992, ọkọ̀ Airbus A320 ti ilé-iṣẹ́ Air Inter ń ti Lyon bọ̀ wá sí Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé, ní alẹ́. Nínú ọkọ̀ náà, kọ́kọ́rọ́ yíyí kan ṣoṣo ni a fi ń yan iye fún ìlànà méjèèjì, ojú kan náà ni iye sì ń hàn. Ìdàgẹ̀rẹ̀ díígírì 3.3 yóò hàn bí -3.3, ìyára 3,300 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú kan yóò hàn bí -33. Pọ́íǹtì bíńtín ni ó wà láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní ìyára ìbàlẹ̀, ìdàgẹ̀rẹ̀ yẹn kò ju nǹkan bí 800 ẹsẹ̀ bàtà lọ ní ìṣẹ́jú kan. Èkejì ju ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ lọ díẹ̀. Ọkọ̀ náà já wálẹ̀ ní ìyára ńlá yìí, ó sì kọlu òkè lẹ́bàá Sainte-Odile. Kò sí ẹ̀rọ tí ń kìlọ̀ pé ilẹ̀ ti súnmọ́ nínú rẹ̀. Nínú ènìyàn 96, 87 ni ó kú. Àwọn olùwádìí kò lè fi gbogbo ẹnu sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ awakọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ka fífi ìlànà kan pe èkejì sí ohun tí ó ṣeé ṣe gan-an.

Lẹ́yìn náà ni Airbus yí ojú náà padà, tí ìyára ìsọ̀kalẹ̀ fi ń hàn ní odidi nọ́ńbà mẹ́rin.

Ní kíláàsì, kí olùkọ́ kọ 33 sí ojú pátákó, kí ó bèèrè pé, “33 kí ni?” Lẹ́yìn náà kí ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pe iye méjèèjì sókè ní Yorùbá, pẹ̀lú orúkọ òṣùwọ̀n wọn. Díígírì mẹ́ta ó lé díẹ̀ kò lè dún létí bí ẹsẹ̀ bàtà ẹgbẹ̀ẹ́dógún ó lé ọ̀ọ́dúnrún.