Ta Ni Yóò Tún Un Ṣe?

Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ 8, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Àlàó ọmọ mi,

  

Mo rí ìwé tí o kọ láti Kubwa, Abuja. O ní owó tí ò ń rí nídìí iṣẹ́ ẹrù gbígbé ti tó ra alùpùpù ńlá, tòkunbọ̀. Ẹni tó fẹ́ tà á fún ọ ní kò ní kébù iná, okùn irin tó so ọwọ́ tí à ń yí mọ́ ẹ́ńjìnnì, pé wáyà àti kọ̀ǹpútà ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ. Ó ní ohun tí kò sí kò lè já. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, ṣùgbọ́n ẹnu ọlọ́jà ló ti jáde.

Ọdún 2006 tí wọ́n lé ọ̀kadà kúrò láàárín ìlú Abuja, tí mo di irinṣẹ́ àtúnṣe alùpùpù mi lọ sí Nyanya, alùpùpù Yamaha R6 ti ọdún yẹn gan-an ni wọ́n fi kọ̀ǹpútà sídìí iná rẹ̀. Síbẹ̀, wọn ò yọ kébù kúrò pátápátá: kébù ṣì wà láti ọwọ́ dé ibi tí sẹ́ńsọ̀, ẹ̀yà tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí ọwọ́ ṣe yí, wà. Honda náà ṣì fi kébù sí alùpùpù Africa Twin ti 2016. Ó di 2018 kí wọ́n tó yọ ọ́. Àwọn tó ni iṣẹ́ gan-an ò kánjú, kí ló ń lé ìwọ?

Kébù kì í sábà já láìsọ fún ọ. Fọ́nrán irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n lọ́ pọ̀. Níbi orí rẹ̀ tó há sínú ọwọ́ iná ni wọ́n ti ń já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ á kọ́kọ́ le, lẹ́yìn náà á máa lọ́ra kó tó padà. Ẹni tó bá fetí sí i á ti pààrọ̀ rẹ̀ kó tó dá a dúró sọ́nà. Bó bá sì já, kò sí ibi tí o ò ti ní rí ẹni tó máa fi òmíràn sí i, ì báà ṣe Kuje, ì báà ṣe Gwagwalada.

Ti kọ̀ǹpútà ní ọlá tirẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ méjì ló ń wo ọwọ́ rẹ, bí ẹlẹ́rìí méjì. Bí ọ̀rọ̀ wọn ò bá bára mu, kọ̀ǹpútà á fa iná sẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì á rọlẹ̀. Kébù tó há sókè kò ní ẹni tó máa bá a wí. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í kìlọ̀ bíi kébù. Omi tó wọ ibi tí wáyà ti so pọ̀, bátìrì tó ti rẹ̀, wáyà tí ẹnìkan gé láti fi gba iná fóònù: ọ̀kan nínú wọn tó láti dá ọ dúró. Òkùnkùn lo sì wà bí kò bá sí ẹ̀rọ tí yóò ka ohun tó ń ṣe é.

Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan fún ọ. Lọ́jọ́ kan ní Nyanya, mo pààrọ̀ kébù fún ọlọ́kadà kan. Kébù tuntun ni, ojúlówó ni. Ilẹ̀ ti ń ṣú, mo kánjú, mo gbé e gba ibi tí kò yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn alùpùpù. Ó dára lójú ọ̀nà tààrà. Ọlọ́kadà dé oríta, ó yí hándù sí òsì, kébù nà, ẹ́ńjìnnì bú sókè fúnra rẹ̀. Inú yanrìn ló bá ara rẹ̀, tòmátì ìyá tó gbé sẹ́yìn sì fọ́n ká títì. Ọlọ́run ló yọ àwọn méjèèjì. Kébù ò ṣẹ̀, ọwọ́ mi ló ṣẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fi kébù sí i tán, mo máa ń tan ẹ́ńjìnnì, kí n yí hándù dé òpin sí ọ̀tún, dé òpin sí òsì, kí n tẹ́tí. Bí ohùn rẹ̀ bá yí padà, kò ní kúrò níwájú mi.

Nítorí náà, má bi mí èwo ló lágbára jù. Bi ẹni tó ń tà á pé: ta ni ní Abuja tó ní ẹ̀rọ tó lè ka kọ̀ǹpútà yìí? Bó bá dárúkọ ẹnìkan, ẹ jọ lọ, kó kà á lójú rẹ kó o tó sanwó. Bó bá ní Èkó nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é, a jẹ́ pé alùpùpù ará Èkó ni, kì í ṣe ará Kubwa. Bó o bá rà á, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba iná lára wáyà rẹ̀, má sì jẹ́ kí àwọn tó ń fọ ọkọ̀ fi omi alágbára fín abẹ́ ìjókòó rẹ̀.

Má ta èyí tí ò ń gùn báyìí o, òun ló ń bọ́ ọ. Láràárọ̀, kó o tó tan án, yí ọwọ́ iná rẹ̀, kó o jù ú sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ padà sáyè rẹ̀, pá! Bó bá ń rọra padà, má gùn ún. Bí iná bá sì há mọ́ ọ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, fa klọ́ọ̀ṣì, tẹ bọ́tìnnì pupa tó ń pa ẹ́ńjìnnì. Fi ọwọ́ rẹ mọ ibi tó wà láìwò ó.

Pè mí kó o tó sanwó.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ,
Bàbá Nyanya.